Àbùlẹ̀ Pupa Mẹ́rin

“Ta ló gé aṣọ ọmọ mi? Mo ní, ta ló ki àlùmágàjí bọ aṣọ ọmọ mi!”

Igbe Ìyá Àgbà nìyẹn, nínú pálọ̀ ara rẹ̀, kò tíì tó wákàtí kan tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù. Ọ̀pá tí wọ́n fún un pé kó máa fi rìn ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ìbora alábùlẹ̀ tuntun wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀bùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá. Ìka rẹ̀ wà lórí àbùlẹ̀ pupa kan tó ní àmì funfun wínníwínní.

Alábẹ́rẹ́ tó rán ìbora náà wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín tó fi gbé ẹ̀bùn náà kalẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò tíì rí ibi gbé e pamọ́ sí.

“Màmá, èmi kọ́! Mi ò rán aṣọ yẹn mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ èmi ni, kí ojú mi méjèèjì fọ́, kí n má fi ọwọ́ yìí di abẹ́rẹ́ mú mọ́ láyé!”

“Ìwọ kọ́? Ta ni mo fún ní kọ́kọ́rọ́ àpótí? Ta ló ń ránṣọ nínú ilé yìí? Ẹnu ta ni mo ti gbọ́ pé òun fi oṣù kan ààbọ̀ rán ìbora fún mi?”

Oníwáyà, ọkọ Alábẹ́rẹ́, fara ti ilẹ̀kùn. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn dénú egungun.

“Ìyàwó mi,” ló wí jẹ́jẹ́, “ṣebí mo sọ fún ẹ pé kó o má fọwọ́ kan àpótí Màmá. O ò gbọ́ tèmi.”

Irọ́ ni! Irọ́ gbuu! Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀. Obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á rò pé ẹkún ló ń sun. Kì í ṣe ẹkún.

“Ìyàwó wa,” ni òun náà wí nígbà tó rí ẹnu rẹ̀ dì mú, “ṣé aṣọ ti tán láyé ni?”

“Nǹkan kan ṣoṣo!” Ìyá Àgbà tún ké. “Nínú gbogbo ayé yìí, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn! Jáde! Alábẹ́rẹ́, jáde nílé mi kí n tó fi ẹnu mi ṣépè tí n ò ní lè kó padà!”

Bí Alábẹ́rẹ́ ṣe jáde nínú ilé tó gbé láti ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn, pẹ̀lú báàgì kan àti bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àgbà kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Nígbà tí ìyá Alábẹ́rẹ́ kú, òun ló lọ mú un wá. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà bí ní tirẹ̀ ti kú ní ọdún kan ṣáájú, ibà ló pa á, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ohun tó kù nínú ọmọ náà kò ju gáùn pupa kékeré alámì funfun kan lọ. Inú àpótí onírin ló wà, pẹ̀lú káfúrà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni Ìyá Àgbà máa ń ṣí i. Á sá gáùn náà sí ojú fèrèsé, á jókòó tì í títí oòrùn á fi kúrò níbẹ̀, á wá ká a padà. Ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Aránṣọ ni Ìyá Àgbà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Alábẹ́rẹ́ ọmọdé ń fi ọwọ́ òsì di abẹ́rẹ́ mú, àwọn ará àdúgbò sì ní kí wọ́n fi okùn di ọwọ́ náà títí á fi gbàgbé. Ìyá Àgbà ní, “Ọwọ́ tó bá mọ abẹ́rẹ́ dì mú lọwọ́. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀.” Ó gbé àpótí ìjókòó méjì kọjú síra wọn, ó ní kí ọmọ náà máa wo òun bí ẹni ń wo dígí. Bí ó ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ìránṣọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé: apá òdìkejì ni ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń dà sí.

Oníwáyà ní tirẹ̀, iná ló ń ṣe nílé onílé, ṣùgbọ́n ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. “Ìmọ́lẹ̀ ilé mi” ló ń pe ìyàwó rẹ̀ níṣojú àlejò. Ẹnu dídùn kò rán ṣòkòtò tó ya, àmọ́ obìnrin pọ̀ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìdí ọkọ wọn á fi hàn síta.

Ní ọdún kan sẹ́yìn ló mú Ẹlẹ́rìn-ín wálé. “Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ló ń bá ṣiṣẹ́, kò ríbi sùn.” Ìyá Àgbà fún un ní yàrá ẹ̀yìn. Torí pé ẹbí ọkọ ni wọ́n pè é, Alábẹ́rẹ́ tó fi ọdún méje jù ú lọ ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ó ń pè é ní Àǹtí, ó ń bu omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́wọ́ ọ̀tún ná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, gbogbo wọn wà ní pálọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ń rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò Oníwáyà tó tú. Nígbà tó rán an tán, ó fi òwú gígùn kan sílẹ̀, ó rọ̀ dirodiro bí ìrù eku.

“Àǹtí, ẹ ò gé òwú,” ni Alábẹ́rẹ́ wí.

“Yéè! Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára ni, ìyàwó wa. Ẹnu àpò là ń rán níbi iṣẹ́. Tó o bá gé ìrù òwú, ọ̀gá á gé ìwọ náà! Ìrù yẹn lẹni tó fẹ́ tú àpò máa fà. Wò ó!” Ó fà á. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tú wàrà lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan Ìyá Àgbà. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó kan ọmọ àbúrò bàbá pẹ̀lú ṣòkòtò ọkọ ọlọ́kọ, nígbà tí aránṣọ wà nínú ilé.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, eegun ìgbáròkó rẹ̀ kán. Oṣù méjì ló lò ní ọsibítù. Ọjọ́ kan ló ń ráhùn fún Alábẹ́rẹ́: “Ìbora ibí yìí ò burú, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Bíi kí èèyàn máa fi ìwé bora.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Alábẹ́rẹ́ gbé délé. Ó ní aṣọ èèyàn lòun máa fi rán ìbora fún Màmá. Ó mú ṣòkòtò ìsùn olóògbé ọkọ Ìyá Àgbà, ìborùn ìyá tirẹ̀, yunifọ́ọ̀mù iléèwé rẹ̀ àtijọ́, ṣẹ́ẹ̀tì tí Oníwáyà wọ̀ wá tọrọ rẹ̀. Ó bẹ Ẹlẹ́rìn-ín, ìyẹn sì fún un ní bùláòsì kan tó ti ṣá. Ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ fẹ̀gbẹ́ kanra, ó gba épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó fọ gbogbo wọn.

“Òórùn èèyàn lò ń wá, o tún ń fọ̀ ọ́!” ni Alágbàfọ̀ wí. “Òórùn ọṣẹ mi ni Ìyá Àgbà máa gbọ́, kò ní gbọ́ ti ẹlòmíì.”

“Aṣọ tí a ò bá kọ́kọ́ fọ̀ á sún kì lẹ́yìn ọ̀la, á sì fa àwọn yòókù ya.”

“Bí àwọn èèyàn kan.”

Ó gé páálí kan ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, òun ló fi ń wọn gbogbo àbùlẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, mẹ́jọ-mẹ́jọ ní ìlà mẹ́jọ. Ó fa òwú gba inú àbẹ́là kí ó má baà já. Ó fi aṣọ òtútù àtijọ́ kan sáàárín, ó tẹ́ aṣọ funfun sẹ́yìn, ó wá fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀ já, ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké bí ìrẹsì. Oṣù kan ààbọ̀. Ìka rẹ̀ ń dá egbò, ó ń fi àkísà wé e.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ní ọsibítù, Ìyá Àgbà sọ lórí ibùsùn, tọkọtaya náà wà níbẹ̀: “Tí mo bá délé, ìwé ilé yìí, orúkọ Alábẹ́rẹ́ ni n ó fi sí i.”

“Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ó pẹ́ fún wa,” ni Oníwáyà wí. Ọkàn rẹ̀ ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa dá Ìyá Àgbà sílẹ̀, Alábẹ́rẹ́ di ìbora sínú ọ̀rá, ó fi rìbọ́nì so ó, ó fi í sílẹ̀ nílé, ó sì ti lọ sí ọsibítù láàárọ̀ kùtù. Ìwé ìdásílẹ̀ kò tètè jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Oníwáyà àti Ẹlẹ́rìn-ín ní àwọn fẹ́ dúró gbálẹ̀. Bóyá ni wọ́n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n tú rìbọ́nì.

Alágbàfọ̀ ló bá Alábẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lórí àkísà.

“Wọ́n lé ẹ?”

“Wọ́n lé mi.”

“Ọkọ ẹ ńkọ́?”

“Ó ní òun á dúró ti Màmá. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú wọn.”

“Hẹ̀n-ẹ́n. Òun àti ta?”

Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká àkísà tó fi sùn.

“Òun àti Àǹtí ẹ,” ni Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ dáhùn. “Gbọ́, aṣọ kì í purọ́ fún alágbàfọ̀. Ìyẹ̀fun ni mò ń fọ̀ kúrò lára síńgílẹ́ẹ̀tì ọkọ ẹ láti ọdún tó kọjá.”

“Ó ní òun bá a gbé àpò ni.”

“Síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi gbé e?”

Alábẹ́rẹ́ bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí ọkọ. “Tí n bá tiẹ̀ rí ìbora náà gbà wò,” ló ń wí. “Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Tí n bá rí ojú abẹ́rẹ́ yẹn, n ó mọ ẹni tó rán an. Àmọ́ Màmá náà yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn ló kọ́ mi!”

Ó rán iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí Ìyá Àgbà jọ̀ọ́ gbọ́ tẹnu òun. Oníwáyà ló ń gba iṣẹ́ náà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dé inú ilé rí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Nínú ilé, ohùn ti yí padà. Oúnjẹ Ìyá Àgbà ń pẹ́. Tó bá pe Ẹlẹ́rìn-ín kó wá gbé òun dìde, á ní, “Ìyá yìí, ẹ̀ẹ̀kan la ń bí èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan la sì ń gbé e dìde lójúmọ́!” Oníwáyà ní tirẹ̀ ń fi ohùn oyin bọ́ ọ: “Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ìwé ilé. Èmi nìkan ni ọmọ tó ṣẹ́kù fún yín.” Ìyá Àgbà á ní ó di ọ̀la.

Ìbora náà wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Kò lè fi bora, kò sì lè jù ú nù, nítorí ọmọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì jáde, ó gbé e sórí itan. Ó pinnu láti tú àwọn àbùlẹ̀ pupa náà, kó lè tò wọ́n pa pọ̀ bí gáùn. Mẹ́rin ni. Ó wá abẹ, ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi ìka wá ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀.

Ìka rẹ̀ kan ìrù òwú kan.

Ó fà á. Àbùlẹ̀ náà tú wàrà bí ẹnu àpò, kò tilẹ̀ lo abẹ.

Ó wá ti èkejì. Ìrù wà níbẹ̀, ó tún fà á. Ó fi ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, nítorí orí rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ wá. Lábẹ́ èyí àkọ́kọ́ tó tú, àbùlẹ̀ mìíràn ló rí, odindi, ṣòkòtò ìsùn ọkọ rẹ̀. Wọ́n kàn lẹ pupa lé e lórí ni. Ojú abẹ́rẹ́ tó wà létí ṣòkòtò náà sì kéré bí ìrẹsì, ó dà sí apá òdìkejì.

“Ọmọ mi,” ni Ìyá Àgbà wí sí yàrá òfìfo. “Ọmọ tí mo kọ́. Mo ní ojú, mi ò wò!”

Nígbà tí Alágbàfọ̀ gbé aṣọ fífọ̀ wá, Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú fèrèsé. “Lọ́jọ́ ìsinmi, mú Alábẹ́rẹ́ wá. Má sọ ohunkóhun fún ọkọ ẹ̀.”

“Mi ò ní sọ̀rọ̀, Ìyá. Ó ti pẹ́ tó ti ń yún mi lẹ́nu, àmọ́ n ó gé ahọ́n mi jẹ.”

Lọ́jọ́ ìsinmi, Alábẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, Alágbàfọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníwáyà fò dìde.

“Kí lo wá ṣe níbí? Màmá, ẹ rí i bó ṣe láyà tó!”

“Jókòó,” ni Ìyá Àgbà wí. “Mo fẹ́ kí gbogbo wa wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ mi, ojú mi ò ríran mọ́. Àbùlẹ̀ kan tú lára ìbora yìí. Abẹ́rẹ́ rèé. Bá mi rán an padà.”

“Iṣẹ́ kékeré nìyẹn, Màmá!” Ẹlẹ́rìn-ín gba abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé níṣojú aránṣọ ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ aránṣọ fún òun. Ó ń rán, ó ń fi ojú ṣe yẹ̀yẹ́. “Wò ó, ìyàwó wa, kì í ṣe ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ òsì ṣe nǹkan, ibi ló máa ń já sí.”

Ojú Alábẹ́rẹ́ wà lára abẹ́rẹ́ náà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹlẹ́rìn-ín rán an tán. Ó so kókó, ó já òwú, ó tẹ́ ìbora náà sórí itan Ìyá Àgbà.

“O ò gé òwú,” ni Ìyá Àgbà wí.

Ìrù òwú náà wà níbẹ̀, gígùn bí ìka. Ẹlẹ́rìn-ín nawọ́ kíá kó gé e. Ìyá Àgbà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Fi sílẹ̀! Èyí tó o rán níṣojú wa rèé. Àwọn méjì tí n ò tíì tú rèé. Alágbàfọ̀, wò ó, kí ojú ẹlòmíì náà rí i. Ìrù wọn jọra àbí kò jọra?”

“Ìrù eku kan náà ni, Ìyá. Eku náà ló jókòó yẹn.”

“Fà á,” ni Ìyá Àgbà sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. “Ìwọ lo kọ́ wa. Fà á!”

Ẹlẹ́rìn-ín kò fà á. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ojú náà sì burú láìsí ẹ̀rín. Oníwáyà ló kọ́kọ́ rí ohùn.

“Hàà! Ẹlẹ́rìn-ín! Ìwọ lo ṣe irú èyí sí ìmọ́lẹ̀ ilé mi? Màmá, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ̀ pé ejò ni mo mú wọlé—”

“Ejò?” Ẹlẹ́rìn-ín dìde. “Èmi ni ejò? Ta ló yọ kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí ìyàwó ẹ̀? Ta ló ṣí àpótí, tó ní, ‘Pupa yìí ni kó o gé, òun ló máa dùn ún jù’? Ta ló dáná sun èyí tó kù lẹ́yìn ilé? Dá mi lóhùn, ọmọ àbúrò bàbá mi!”

“Pa ẹnu ẹ mọ́!”

“N ò ní pa á mọ́! Ọmọ àbúrò bàbá ẹ ni mí, àbí? Sọ fún wọn! Ṣé ọmọ àbúrò bàbá ẹni ló ń lóyún oṣù mẹ́rin fúnni?”

Alábẹ́rẹ́ fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. Gbogbo òwúrọ̀ tó fi kúnlẹ̀ fún obìnrin yìí, gbogbo omi ìwẹ̀ tó bù, ni wọ́n ń tò kọjá lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Màmá, iṣẹ́ èṣù ni,” ni Oníwáyà wí, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìyàwó mi, adúmáradán mi...”

“Má tún fi ẹnu dídùn yẹn kàn án!” Ìyá Àgbà fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Torí ìwé ilé, o lọ tú òkú ọmọ mi jáde! Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Kó irin iṣẹ́ ẹ. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jáde, kí oòrùn tó wọ̀!”

Wọ́n jáde. Ẹlẹ́rìn-ín kò tilẹ̀ bá a dé òpin àdúgbò. Ọkùnrin tí kò nílé, kí ni yóò fi í ṣe? Ibi ẹnu àpò ló padà sí, pẹ̀lú ikùn níwájú, kò sì sí ẹni tó tún ń pè é ní Ẹlẹ́rìn-ín. Oníwáyà ń kiri pẹ̀lú báàgì irin. Inú yàrá onílé ni ẹni tó ń ṣe iná ń wọ̀. Ta ni yóò ṣí yàrá fún ẹni tó yọ kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí aya rẹ̀? Ẹnu rẹ̀ ṣì dùn. Kò rí etí mọ́.

Lọ́jọ́ náà gan-an, bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, Ìyá Àgbà fi ọ̀pá sílẹ̀, ó fẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìgbáròkó tí kò tíì jinná. Alábẹ́rẹ́ sáré gbá a mú.

“Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́.”

“Ẹ ṣẹ̀ mí,” ni Alábẹ́rẹ́ wí. Kò fi oyin sí i. “Gbogbo ayé ni ì báà má mọ ọwọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Ẹkún ni mi ò jẹ́ kó kúrò lójú mi kí n tó wò.”

Alágbàfọ̀ ló lọ gbé omi kaná, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan.

Gáùn kì í padà di gáùn lẹ́yìn àlùmágàjí. Mẹ́rin ló kù, ìyókù ti di eérú lẹ́yìn ilé, kò sì sí ìdáláre kankan tó lè rán ìyẹn padà. Lọ́jọ́ kejì, Alábẹ́rẹ́ gbé àpótí ìjókòó kan síwájú àga Ìyá Àgbà, wọ́n kọjú síra wọn bíi tàtijọ́.

“Níbo ni kí n fi wọ́n sí, Màmá?”

Ìyá Àgbà ronú títí. “Sí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà. Ibi tí ọwọ́ mi máa ń wà tí mo bá sùn.”

Alábẹ́rẹ́ fọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó lọ̀ wọ́n, ó fa òwú gba inú àbẹ́là. Ó fi ọwọ́ òsì rán wọn, ojú abẹ́rẹ́ kan, èkejì, títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ó so kókó, ó fi eyín gé òwú, kò ku nǹkan kan níta.

Ìyá Àgbà fi ìka wá ìrù òwú yíká etí àwọn àbùlẹ̀ náà, kò rí i. Ó di ọ̀kan mú, ó fà á wò.

Kò tú.